Èmi àti Dómnà Mi

Láyíwọlá kì í mu tíì nínú kọ́ọ̀bù. Gíláàsì ló fi ń mu ún, gíláàsì tí wọ́n kì bọ inú ife irin tó lọ́wọ́ létí. Bó ti wù kí oòrùn Dallas mú tó, tíì gbígbóná ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á gbé àga irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, á jókòó, á máa fẹ́ tíì, á máa wo ojú ọ̀run. Àwọn ará àdúgbò ní Pleasant Grove ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ọkùnrin ará Mexico tó ń gbé lódìkejì ọgbà máa ń sọ pé ẹni yìí lè mu ọbẹ̀ gbígbóná nínú ilé tó ń jó.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ó ń jó irin tírélà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Kò pa iṣẹ́ jẹ àfi ọ̀sẹ̀ tí yìnyín bo gbogbo Dallas. Nígbà tí gbogbo èèyàn sá wọlé, òun jáde. Ó dúró láàárín yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbéminíyì ọmọ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Dádì, ẹ wọlé, òtútù á mú yín."

Ó ní, "Èyí? Èyí ń ṣeré ni."

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún yìí, lọ́jọ́ Tuesday kan, lórí àga yẹn. Ọkàn ni. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Gbéminíyì ló bá a. Tíì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé gíláàsì wọlé, ó gbé e sójú fèrèsé kíṣìnnì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ìwọ̀nba tíì tó kù nínú rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn nídìí.

Gbéminíyì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò parí ilé ìwé. Táyà ló ń pààrọ̀ fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kan létí freeway. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, òun á máa gbọ́, tàbí kó máa ṣe bí ẹni tó ń gbọ́. Ní báyìí ilé dákẹ́.

Ìlú mẹ́ta ni Láyíwọlá ní. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Dallas ló ti ṣiṣẹ́ dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni Bẹlomírsíkì. Ìlú kékeré kan ni nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1983, ìjọba kó òun àti àwọn ọ̀dọ́ mọ́kànlá mìíràn lọ síbẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ irin yíyọ́ nítorí ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Àjàòkúta. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò. Wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n padà sílé. Wọ́n wá dúró de Àjàòkúta. Wọ́n dúró títí. Iná tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a. Nígbà tó yá, olúkálukú wá nǹkan mìíràn ṣe. Láyíwọlá ra ẹ̀rọ wẹ́dà. Ó fẹ́ Ọlábísí, wọ́n bí Gbéminíyì, ó jẹ físà lọ́tìrì, ó kó wọn wá sí Texas.

Tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ Sunday, ìtàn Bẹlomírsíkì ló kàn. Òtútù tó ń sọ irùngbọ̀n di igi. Búrẹ́dì dúdú. Fèrè ilé-iṣẹ́ tó ń jí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, Ọlábísí á dìde, á kó abọ́, á wọ kíṣìnnì, á ṣí omi, omi á máa dún ṣàà. Abọ́ fífọ̀ ni Gbéminíyì pè é. Gbogbo ọdún yẹn, abọ́ fífọ̀ ló pè é.

*

"Màámi, Jessica tún pè."

Ọjọ́ Monday kan ní oṣù kẹfà ni. Jessica ni ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì itẹ́ òkú. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Láyíwọlá ti ra ilẹ̀ ẹni méjì síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òkúta kan ṣoṣo lórí méjèèjì. Ó ku kí wọ́n gbẹ́ orúkọ sára òkúta náà.

Ọlábísí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní Friday ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká fọwọ́ sí ohun tí wọ́n máa kọ."

"Kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ẹ."

"Tiyín ńkọ́?"

"Mo ti kú ni?"

"Wọ́n máa ń kọ méjèèjì pọ̀ ni, Màámi. Wọ́n á kàn fi ibi ọjọ́ yín sílẹ̀."

"Kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò sùn síbẹ̀. Tó bá dọjọ́ tèmi, wá ibòmíì sin mí sí, níbi tí mo bá ti dá wà."

Gbéminíyì wò ó. Obìnrin yìí kan náà ló ń lọ jókòó síbi sàréè yẹn ní gbogbo Saturday. Ó kàn dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sọ ìdí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọlábísí wọ yàrá lọ. Ó mú fọ́tò kan bọ̀, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì.

"Ka ẹ̀yìn ẹ̀."

Ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ni, bírò búlúù tó ti ń ṣí. *Èmi àti Dómnà mi, 1985.*

Ó yí i síwájú. Láyíwọlá nìyẹn, ọmọ ọdún méjìlélógún, tín-ín-rín, fìlà onírun lórí, gbogbo eyín síta. Obìnrin òyìnbó kan dúró tì í, ó di ìborùn mọ́ orí, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Lẹ́yìn wọn, nǹkan dúdú gàgàrà kan wà, tó ní páìpù lára, tó ń rú èéfín.

"Inú àpótí ẹ̀ ni mo ti rí i," ni Ọlábísí wí. "Lábẹ́ aṣọ tó fi gbé mi níyàwó."

"Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ lásán."

"*Mi* ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dómnà *mi*. Àbí Yorùbá ò yé ẹ mọ́?"

Kì í ṣe òní ni Ọlábísí mọ orúkọ yẹn. Ọdún kejì tó délé ọkọ ló ti ń gbọ́ ọ. Láyíwọlá ní ọ̀rẹ́ kan, Alhaji Kàmọ́rù, tí wọ́n jọ lọ Rọ́ṣíà. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, tàbí tí wọ́n bá gbé fóònù, Dómnà ni. Dómnà kì í sùn. Dómnà ń jẹun ju gbogbo ìlú lọ. Tí o bá sún mọ́ ọn báyìí, ara rẹ̀ á gbóná janjan. *Ó* ni wọ́n ń pè é, wọn ò pè é ní *wọ́n*. Ọlábísí ti fìyẹn mọ̀ pé kì í ṣe àgbàlagbà. Ẹgbẹ́ wọn ni.

"Ẹ ò bi Dádì?"

"Mo bi í. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń gé èékánná. Mo ní, Bàbá Gbémi, ta ni Dómnà? Kò gbójú sókè. Ó ní, òun ló bọ́ mi fún ọdún mẹ́ta. Ó bú sẹ́rìn-ín." Ó tún fọ́tò náà dojú dé. "Obìnrin tó bọ́ ọkọ mi fún ọdún mẹ́ta. Kí ni mo tún fẹ́ bi í?"



"Dómnà yẹn ti kú," ni Ọlábísí ń bá a lọ. "Oyún ẹ ló wà nínú mi nígbà náà. Kàmọ́rù ló mú lẹ́tà wá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ní, *wọ́n ti pa Dómnà, Dómnà ti kú*. Bàbá ẹ sunkún. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú ẹ̀, kò wò ó."

"Màámi."

"O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní bíi ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nínú ilé yìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, Kàmọ́rù, tó bá *dúró* nínú Dómnà ní January yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ ká padà sílé? Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Tó bá dúró nínú Dómnà." Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Kí ló ń dúró nínú obìnrin?"

Gbéminíyì wo fọ́tò tó dojú dé náà.

"Oyún ni. Oyún ló ń dúró. Ọlọ́run ló yọ mí tí kò dúró, ǹ bá ti bá orogún nílé. Alhaji yẹn ni alárinà wọn. Òun náà ń fi rẹ́rìn-ín." Ó dìde. "Pe Jessica. Orúkọ ẹyọ kan. Ẹni tó ni àyè kejì ti kú ṣáájú, kí wọ́n lọ gbé e wá."

Gbéminíyì ò pe Jessica. Ó rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un lọ wo ilẹ̀ náà. Láyíwọlá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí koríko ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí Gbéminíyì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó fi ara rẹ̀ wọn ọ́n wò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ò yọ? Ó tó nìyẹn. Màámi ẹ ò ga tó ẹ." Wọ́n wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ń wo òfuurufú. Kò fẹ́ kí ìdajì òkúta náà dán borogidi láìní orúkọ.

*

Wednesday ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Little Elm.

Ibẹ̀ ni Alhaji Kàmọ́rù ń gbé, lọ́dọ̀ Hafsah ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí ní oṣù kejì. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó wá síbi ìsìnkú. Ó pe Ọlábísí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, Ọlábísí ò gbé e.

Hafsah ló ṣílẹ̀kùn. "Daddy wà lẹ́yìnkùlé, he's watching the water. Tó bá ní kó o lọ ra donut fún òun, don't listen to him."

Àgbàlagbà náà jókòó, ó kọjú sí adágún, ọ̀pá ìtilẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Gbéminíyì dọ̀bálẹ̀. Alhaji wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Lyófà," ló wá ní. "Dìde. Ojú ẹ̀ lo gbé wá bá mi yìí."

"Gbéminíyì ni, sà."

"Mo mọ̀ ẹ́. Lyófà ni wọ́n ń pe bàbá ẹ níbẹ̀. Ahọ́n wọn ò gbé Láyíwọlá. Wọ́n ń pe èmi ní Kólyà. Jókòó. Ṣé wàá bá mi ra donut wá?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbọ́ tiyín, sà."

"Hafsah ti ṣáájú mi."

Gbéminíyì jókòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí po. Ó mú fọ́tò jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. "Bàbá, ta ni Dómnà?"

Alhaji wá awò rẹ̀ sójú. "Ibo lo ti rí èyí?"

"Màámi ló rí i. Wọ́n ní àwọn ò ní sùn ti Dádì mọ́. Wọ́n ní Dómnà ni kí wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ọ̀tunla ni wọ́n máa gbẹ́ òkúta."

"Dómnà? Kí wọ́n gbé Dómnà wá sí Dallas?"

"Wọ́n ní oyún ẹ̀ ni kò dúró."

Alhaji ò gbọ́ ohun tó ń wí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣubú. Hafsah yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó tún padà.

"Ta ni," ló ń sọ. "O ní ta ni. Lyófà, o kú tán, o tún ń dá ìjà sílẹ̀."

Ó fi ìka lé fọ́tò. Kò fi lé obìnrin yẹn. Ó fi lé nǹkan dúdú gàgàrà tó wà lẹ́yìn.

"Dómnà nìyẹn."

"Ilé yẹn?"

"Kì í ṣe ilé. Ààrò ni. Ààrò tí wọ́n ń yọ́ òkúta nínú ẹ̀ kó lè di irin. Bí Rọ́ṣíà ṣe ń pè é nìyẹn, dómnà. Wọ́n tún máa ń sọ obìnrin ní orúkọ yẹn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí, ààrò ni. Gíga ẹ̀ ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ṣé irú ẹ̀ ló lóyún?"

Gbéminíyì gba fọ́tò náà padà. Ó wò ó pẹ́.

"Wo omi yẹn," ni Alhaji wí. "Ta ló dá a?"

"Ọlọ́run."

"Irọ́ ni. Odò ni wọ́n dí, omi kún. Ọjọ́ tí Hafsah kọ́kọ́ gbé mi wá síbí, mo ní kó má gbé mi lọ síbòmíì mọ́. Omi bíi tèyí ló wà láàárín Bẹlomírsíkì."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Gbéminíyì ti gbọ́ ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n àbọ̀ etí ló fi gbọ́ ọ nígbà náà.

Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè Úràlì, níbi tí Yúróòpù ti parí tí Éṣíà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ibẹ̀ ò ga. Igbó ló bò wọ́n, igi páìnì àti igi kan tí èèpo rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́lkà ló gba àárín wọn kọjá. Ó ti lé ní igba ọdún tí olówó kan ti gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba, tó wá síbẹ̀. Ó rí òkè kan tí òkúta rẹ̀ pọ́n bíi ìpẹ́tà. Irin wà, igi èédú wà, omi wà. Ó kó àwọn tálákà tó rà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹrú wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n dí odò, omi ń yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ iná. Bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lọ síbẹ̀ torí pé ó rẹwà. Iṣẹ́ ló kó wọn lọ.

Ọta ìbọn àgbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ. Lẹ́yìn náà ni irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Nígbà ogun Hítílà, irin ọkọ̀ ogun ni. Àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ò bọ̀. Àwọn obìnrin ló ń bọ́ Dómnà. Obìnrin inú fọ́tò yẹn, Nina, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́. Ní 1985, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ń wa kréènì.

"Ọ̀kẹ́ kan èèyàn ló wà nínú ìlú náà," ni Alhaji wí. "Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tí Dómnà ò bọ́. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ilé-iṣẹ́ ló gbà á síṣẹ́. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fi sinimá han èèyàn, ilé-iṣẹ́ ni. Omi gbígbóná láti ilé-iṣẹ́ ló ń gba inú páìpù wọ ilé onílé, òun ló ń lé òtútù. Tí Dómnà bá wúkọ́ báyìí, gbogbo ìlú á gbọ́, wọ́n á wo ara wọn lójú. Kò sí aago tó tó fèrè yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìyálé ilé á ní òun á gbé ọbẹ̀ kaná tí fèrè bá dún."

"January ńkọ́?"

Alhaji nu awò rẹ̀. "O ò lè pa iná Dómnà kó o ní o fẹ́ lọ sùn. Òkúta, èédú, òkúta ẹfun, láti òkè ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sí i, tọ̀sán tòru. Nísàlẹ̀, wọ́n á ṣí ẹnu ẹ̀, irin á máa ṣàn bí epo. Tó bá tutù, irin á dì sínú ẹ̀. Ó *dúró* nìyẹn. Kò ní ṣàn mọ́ láéláé, wọ́n á fọ́ ààrò náà ni. January 1985, òtútù yẹn, itọ́ tó o bá tu á dì, á dún kó tó balẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kọṣẹ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà la wà lẹ́nu iṣẹ́. Lyófà ní, Kólyà, tó bá dúró, àwa ni wọ́n máa dì í rù. Ọjọ́ méjì la ò fi sùn. Nígbà tí irin tún ṣàn, Nina sunkún, a sunkún. Ẹnì kan ya fọ́tò yìí."

"Wọ́n ní wọ́n pa á."

"Wọ́n pa iná ẹ̀. Ìjọba wọn ti yí padà, ẹnikẹ́ni ò ra irin wọn mọ́. Ọmọ Nina ló kọ lẹ́tà. Ó ní páìpù ti tutù, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ tán, omi ti kún ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta. Ó ní fèrè ò dún mọ́, ìyá òun ò mọ ìgbà tó yẹ kó jẹun mọ́." Ó wo adágún. "Àwa tí wọ́n kọ́ láti dá iná, kò sí iná nílé, wọ́n wá pa tibẹ̀. Bàbá ẹ sunkún, àbí kò yẹ kó sunkún?"

"Kí ló dé tí Dádì ò ṣàlàyé fún Màámi?"

"Ó rò pé màámi ẹ mọ̀ ni. Ó sọ fún mi, ó ní ìyàwó òun ò fẹ́ ìtàn Rọ́ṣíà, pé tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, á dìde. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n kò ní yé sọ ọ́. Ó ní bóyá lọ́jọ́ kan, á jókòó." Ó na ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀. "Gbé mi dìde. Ilé yín là ń lọ."

Hafsah bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Daddy, the doctor said no long drives."

"Dókítà ò mọ Lyófà."

*

Ọlábísí ń fọ abọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí Alhaji, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, torí ilé tó ti wá ò jẹ́ kó má kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaji. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ yín ti ń ṣe dáadáa, mo rí i."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Mo pè yín, ẹ ò gbé e."

"Iṣẹ́ ni."

Ó padà síbi síǹkì, ó tún ṣí omi sí i. Alhaji jókòó, ó rọra na ẹsẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, omi ń dún. Gbéminíyì dúró láàárín wọn. Ó lọ síbi síǹkì, ó na ọwọ́ kọjá ìyá rẹ̀, ó ti omi pa.

"Màámi, ààrò ni."

"Kí ni ààrò?"

"Dómnà. Kì í ṣe èèyàn. Ààrò ni. Irin ni wọ́n ń yọ́ nínú ẹ̀. Òun nìyí." Ó fi fọ́tò hàn án, ó fi ìka lé e. "Irin ni wọ́n ní kó má dúró nínú ẹ̀. Kó má dì."

Ọlábísí gba fọ́tò náà pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ó wo Alhaji. "Ẹ fi Kùránì búra."

"Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra. Ààrò ni. Ilé-iṣẹ́ ló ni ín, kì í ṣe ọkọ yín."

"Èyí tó gbọ́wọ́ lé e léjìká ńkọ́?"

"Nina. Ìyá wa níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ gan-an dàgbà jù wá lọ. Òun ló hun ibọ̀sẹ̀ fún wa kí òtútù má bàa gé ẹsẹ̀ wa."

"Ibọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú kan, tó ní ìlà pupa?"

"Ó ṣì ní i?"

"Ó wà nínú àpótí. Mo ti dì í sínú ọ̀rá, mo fẹ́ dà á nù."

Ó jókòó. Ó tún wo fọ́tò náà, ó ń gbé e sún mọ́ ojú, ó ń gbé e jìnnà.

"Ìléru," ló wá ní. "Irú èyí tí wọ́n ju Ṣádírákì sí."

"Ìléru gan-an."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ń bá ìléru jowú." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò gbà á láyè. Ó tún bọ́. Lẹ́yìn náà ó fi apá aṣọ iṣẹ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń ṣe nínú méjèèjì. "Ó máa ń sọ ọ́ ní gbogbo Sunday. Èmi á lọ ṣí omi. Alhaji, omi ni mò ń ṣí kí n má bàa gbọ́."



Nígbà tó ṣe, Ọlábísí dìde. Ó mú gíláàsì tó wà lójú fèrèsé. Gbéminíyì ní, "Màámi, ẹ má—" Ó ti fọ̀ ọ́. Ó fi ìka ra ìdí rẹ̀ títí tó fi mọ́. Ó gbé omi kaná. Ó po tíì sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú Alhaji.

"Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Hafsah á pa mí." Ó fa àga, ó jókòó. "Gbémi, o ti pe Jessica?"

"Rárá, Màámi."

"Pè é. Sọ fún un kó kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá ẹ, kó tóbi bákan náà. Kó má gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ ọ. Ọjọ́sí, ó kọ Ólábísí ránṣẹ́ sí mi, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Gbéminíyì mú fóònù, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Àga irin náà wà níbi tó máa ń wà. Oòrùn ti mú un gbóná. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Jessica gbé fóònù. Gbéminíyì ń pe lẹ́tà orúkọ ìyá rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí àmì wà.

Láti inú ilé, ó ń gbọ́ ohùn Ọlábísí. Omi ò dún.

"Ẹ dúró ná, Alhaji. Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Odò tí wọ́n dí yẹn, kí lẹ ní ó ń jẹ́?"